Dópámíìnì: Bí iṣẹ́ tí a rán sí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń darí ìrìn, ìwà àti làákàyè ọmọ ènìyàn

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti kíyè sí i pé bí ẹni wọn tó ní àìsàn ọpọlọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ilé ìwòsàn, ohùn tó ń gbọ́ láìrí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ a dẹwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìrìn rẹ̀ a di jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ a sì dà bí ojú ère. Àwọn mìíràn a ní oògùn náà ló fẹ́ sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, wọn a sì kó o dànù. Ní ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, bàbá àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí àrùn Parkinson a lo oògùn tirẹ̀, ara rẹ̀ a balẹ̀, àmọ́ nígbà tó bá yá, a máa rí àwọn òkú ọ̀run nínú yàrá. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn rárá, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Orúkọ gbòǹgbò náà ni dópámíìnì.

Ẹni tó bá mọ bí dópámíìnì ṣe ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ yóò mọ ìdí tí oògùn àrùn kan fi ń fara jọ okùnfà àrùn kejì, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn sáré padà sọ́dọ̀ dókítà.

Kí ni dópámíìnì?

Nǹkan bí bílíọ̀nù 86 ni sẹ́ẹ̀lì tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn nínú ọpọlọ ọmọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àlàfo tín-ín-tín kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ní ọ̀rọ̀ láti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ, yóò tú èròjà kan sínú àlàfo náà. Ọ̀kan nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni dópámíìnì. Oúnjẹ ni ara ti ń rí ohun tó fi ń ṣe é: tyrosine tó wà nínú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni ara ń sọ di L-DOPA, kí ó tó wá sọ L-DOPA di dópámíìnì.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dópámíìnì kò pọ̀. Wọn kò tó mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ wọn kóra jọ sí ìsàlẹ̀ àárín ọpọlọ, ní ibì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní substantia nigra, ìyẹn ohun dúdú ní èdè Látìn, àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nà jáde pọ̀ bí ìtàkùn, ó sì ń dé ibi tí ọpọlọ ti ń darí ìrìn, ibi tó ti ń mọ adùn àti ibi tó ti ń ro àròjinlẹ̀.

Ehoro, asofẹ́yẹjẹ àti wèrèpè

Títí di nǹkan bí ọdún 1957, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé dópámíìnì kò ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ, pé ara kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ ṣe noradrenaline ni. Arvid Carlsson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló yí èrò yìí padà. Ó fún àwọn ehoro ní oògùn tó ń jẹ́ reserpine. Àwọn ehoro náà kò lè mira mọ́, etí wọn wálẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja. Nígbà tó fún wọn ní L-DOPA, kò pẹ́ tí etí wọn fi nà sókè, tí wọ́n sì tún ń rìn káàkiri. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ ẹranko wò, wọ́n rí i pé reserpine ti gbọ́n dópámíìnì ibẹ̀ gbẹ, L-DOPA ló sì dá a padà.

Reserpine kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ara ewéko ilẹ̀ Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́dún 1952, ó sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń fi gbòǹgbò igi náà tọ́jú wèrè, ó sì máa ń mú kí ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀ sùn. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1960. Wèrèpè náà ní ìtàn tirẹ̀. Àgbẹ̀ gbogbo ń sá fún un nítorí yíyún, bẹ́ẹ̀ L-DOPA wà nínú kóró rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀kan ń gbọ́n dópámíìnì gbẹ, èkejì ń bu ún padà, inú igbó kan náà sì ni àwọn méjèèjì ti ń hù.

Oníbodè àti ìlàrí

Dópámíìnì kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó wá jíṣẹ́ fún. Ó dà bí àlejò tó wá sí ààfin ọba láyé àtijọ́. Àlejò kò lè já wọ iyàrá kábíyèsí. Ẹnu ibodè ni yóò dúró sí, yóò sọ tẹnu rẹ̀ fún oníbodè. Oníbodè yóò sọ fún ìlàrí tó wà nínú. Ìlàrí ni yóò sáré lọ bá àwọn ìjòyè, títí gbogbo ààfin yóò fi mọ ohun tó kàn. Oníbodè yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní receptor. Olùgbà ni àlàyé yìí yóò máa pè é.

Purotéènì ni olùgbà. Ó gùn bí okùn, ó sì gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá nígbà méje, débi pé apá kan rẹ̀ wà níta tó ń retí dópámíìnì, apá kan sì wà nínú. Bí dópámíìnì bá ti bọ́ sí àyè rẹ̀ bí kọ́kọ́rọ́ tó bọ́ sínú àgádágodo, olùgbà a yí ara padà díẹ̀, ìyípadà yìí a sì jí ìlàrí tó dúró tì í nínú. Ìlàrí yìí ni G protein. Apá mẹ́ta ló ní: alpha, beta àti gamma. Nígbà tí kò bá síṣẹ́, èròjà tó ń jẹ́ GDP ló máa ń dì mọ́wọ́. Bí olùgbà bá ti jí i, a jù ú sílẹ̀, a gbé GTP dípò rẹ̀, alpha a sì yà kúrò lára beta àti gamma, kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí alpha yóò fi gé GTP náà padà sí GDP, tí yóò sì padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kan ṣoṣo kì í fi dún láìdáwọ́ dúró.

Alfred Gilman àti Martin Rodbell gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1994 nítorí àwárí G protein. Lọ́dún 2012, Robert Lefkowitz àti Brian Kobilka gba tiwọn nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìdílé ńlá àwọn olùgbà tó ń lo ìlàrí yìí.

Olùgbà márùn-ún, ìdílé méjì

Olùgbà dópámíìnì márùn-ún ló wà, láti D1 dé D5. Lọ́dún 1979 ni John Kebabian àti Donald Calne là á kalẹ̀ pé ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Láàárín 1988 sí 1991 ni àwọn onímọ̀ sì rí jíìnì márààrún tó ń ṣe wọ́n. D1 àti D5 jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. D2, D3 àti D4 jẹ́ ìdílé kejì. Dópámíìnì kan náà ló ń dé ẹnu ibodè àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìlàrí tó ń gbọ́rọ̀ ní ilé kálukú kò dọ́gba. Ìlàrí ìdílé D1 ń ta sẹ́ẹ̀lì jí. Ti ìdílé D2 ń rọ̀ ọ́ lójú. Nítorí náà, kì í ṣe dópámíìnì ló ń pinnu ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe, bí kò ṣe olùgbà tó bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

Bí D1 ṣe ń ta sẹ́ẹ̀lì jí

Ìlàrí D1 a lọ jí ẹ́ńsáìmù kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì, adenylyl cyclase lorúkọ rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí a mú ATP, tí í ṣe epo tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, a sì sọ ọ́ di cyclic AMP. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Earl Sutherland, ló ṣàwárí cyclic AMP, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1971. Olùgbà kan lè jí ju ìlàrí kan lọ, ẹ́ńsáìmù kan sì lè ṣe cyclic AMP lọ́pọ̀lọpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó dé ẹnu ibodè ṣe ń di ariwo nínú ilé.

Cyclic AMP a wá tú ẹ́ńsáìmù mìíràn, PKA, sílẹ̀. Iṣẹ́ PKA ni láti máa lẹ fọ́síféètì mọ́ ara àwọn purotéènì, bí ìgbà tí akọ̀wé ìjọba ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé. Ìwé tí a bá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ kì í ṣe ìwé lásán mọ́. Purotéènì náà nìyẹn, èyí tó ń sùn lè jí, èyí tó ṣí lè tì. Bí òǹtẹ̀ bá kan àwọn ojú ihò ara sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì a tètè máa dáhùn sí ìpè àwọn aládùúgbò rẹ̀. Bí ìpè náà bá lágbára, òǹtẹ̀ a dé àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì níbi tí jíìnì wà, a kan purotéènì tó ń jẹ́ CREB, sẹ́ẹ̀lì a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì tuntun. Ọ̀nà yìí wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń rántí ohun tó kọ́, ibẹ̀ náà sì ni bárakú ti ń ta gbòǹgbò.

Níbi tí akọ̀wé bá ti ń lu òǹtẹ̀, ẹni tó ń pa á rẹ́ náà wà níbẹ̀: ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ PP1. Paul Greengard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló rí purotéènì tó ń bójú tó àwọn méjèèjì, DARPP-32. Bí PKA bá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ DARPP-32, yóò di PP1 lọ́wọ́ mú, òǹtẹ̀ tí PKA ti lù káàkiri kò sì ní tètè parẹ́. Ìdí rèé tí iṣẹ́ tí dópámíìnì jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá fi lè máa ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Carlsson, Greengard àti Eric Kandel ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 2000.

Bí D2 ṣe ń rọ̀ ọ́ lójú

Ìlàrí ti D2 a lọ dí adenylyl cyclase kan náà lọ́wọ́. Cyclic AMP a dínkù, PKA a rọlẹ̀. Beta àti gamma kì í jókòó lásán: wọn a ṣí ojú ihò tí pọ́táṣíọ̀mù ń gbà jáde, wọn a sì pa ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé dé díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a sì dákẹ́. Àwọn D2 kan tilẹ̀ wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dópámíìnì jáde fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún un pé ó tó.

Ọ̀nà kejì wà tí D2 ń gbà jíṣẹ́. Bí olùgbà bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, purotéènì tó ń jẹ́ arrestin a wá dì mọ́ ọn, a sì fà á wọnú ilé. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn onímọ̀ rò ni pé panápaná lásán ni arrestin. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2005, Jean-Martin Beaulieu, Marc Caron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn lára eku pé òun náà ń jíṣẹ́. Ó ń kó purotéènì tó ń jẹ́ Akt àti ẹni tí yóò pa òǹtẹ̀ ara rẹ̀ rẹ́ pọ̀ sójú kan. Bí Akt bá ti dákẹ́, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ GSK-3 tó ti ń dá lẹ́kun a rí àyè ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ti G protein yá, ó sì ń tètè parí. Ti arrestin lọ́ra, ó sì ń pẹ́. GSK-3 yìí kan náà wà lára ohun tí lithium, oògùn àwọn tí inú wọn ń dùn ládùnjù lónìí tó sì ń bàjẹ́ kọjá ààlà lọ́la, máa ń dí lọ́wọ́.

Iná mọ́tò àti bíréèkì

Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti hàn jù ni apá ọpọlọ tó ń jẹ́ striatum, tó ń bójú tó ìrìn. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó ní D1 dà bí ẹsẹ̀ tí awakọ̀ fi ń tẹ iná. Èyí tó ní D2 dà bí èyí tó fi ń tẹ bíréèkì. Bí dópámíìnì bá dé, yóò ta ti iná jí, yóò sì mú ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ọkọ̀ a gbéra.

Nínú àrùn tí dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, James Parkinson, ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1817, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú substantia nigra ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Herbert Ehringer àti Oleh Hornykiewicz ní ìlú Vienna ló fi hàn lọ́dún 1960 pé dópámíìnì ti ṣọ̀wọ́n nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn náà pa. Iná kò gbà mọ́, bíréèkì sì ń di ọkọ̀ mú: ara a le gbagidi, ìgbésẹ̀ a kúrú, ọwọ́ a máa gbọ̀n. Muhammad Ali, akànṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo àgbáyé, wà lára àwọn tó ní irú àrùn yìí. Ọdún 1984 ni wọ́n sọ fún un, ó sì kú lọ́dún 2016.

Dópámíìnì tí ènìyàn bá gbé mì kò lè ré odi tó yí ọpọlọ ká kọjá, ṣùgbọ́n L-DOPA lè ré e. Òun ni George Cotzias fi tọ́jú àwọn aláìsàn lọ́dún 1967 tí ara wọn fi yá gágá, òun náà sì ni olórí oògùn àrùn yìí títí di òní. Kì í wo àrùn náà sàn, àìpé ló ń dí. Nígbà tó sì jẹ́ pé gbogbo ọpọlọ ló ń dé, kì í ṣe ibi ìrìn nìkan, àwọn mìíràn a máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn oògùn kan tó ń ṣe bíi dópámíìnì lójú D2 àti D3 tilẹ̀ ti sọ àwọn àgbàlagbà tí kò ta tẹ́tẹ́ rí di atatẹ́tẹ́. Ìdílé tó bá rí irú èyí kò gbọdọ̀ bú bàbá. Dókítà ni kí wọ́n sọ fún.

Ìdí tí oògùn àìsàn ọpọlọ fi ń mú ara le

Lọ́dún 1952 ni àwọn oníṣègùn ní ìlú Paris rí i pé chlorpromazine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Largactil, ń mú kí orí àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ líle padà balẹ̀. Haloperidol dé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọdún 1970 ni Philip Seeman ní Kánádà àti Solomon Snyder ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá ṣe lè dì mọ́ D2 tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Oògùn náà ń jókòó sórí àga olùgbà, kò sì jẹ́ kí dópámíìnì rí àyè.

Àwòrán tí wọ́n ń yà nínú ọpọlọ alààyè fi hàn pé bí oògùn bá ti gba nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún D2, ara ọ̀pọ̀ aláìsàn a bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Bó bá ré kọjá 80, bíréèkì a le jù, aláìsàn a sì máa rìn bí ẹni tó ní Parkinson. Àlàfo yìí kò fẹ̀ rárá, ìdí sì nìyẹn tí dókítà fi ń pààrọ̀ ìwọ̀n oògùn léraléra. D2 kan náà ló ń ká họ́mọ̀nù tó ń mú ọmú sun lọ́wọ́ kò. Nítorí rẹ̀ ni omi ọmú fi lè máa jáde lára obìnrin tí kò bímọ, tàbí kí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, ara líle kì í ṣe àmì pé oògùn fẹ́ pa ènìyàn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Dókítà lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lè fi oògùn mìíràn kún un. Bí ọrùn bá ṣàdédé yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹyinjú sì yí sókè, tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, abẹ́rẹ́ ló ń tú u sílẹ̀, kì í sì í pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná janjan, tí ó le bí igi, tí ọ̀rọ̀ kò sì yé aláìsàn mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, nítorí èyí lè pa ènìyàn.

Nígbà tí ibodè kò ní ìsinmi

Lójoojúmọ́, dópámíìnì tó bá ti jíṣẹ́ tán ni sẹ́ẹ̀lì tó rán an ń fà padà. Kokéènì ń dí ọ̀nà ìpadàbọ̀ yìí. Mẹ́tì, tí wọ́n ń pè ní mkpuru mmiri, tún ń ti dópámíìnì jáde kúrò níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Tramadol àti codeine ń gba ẹ̀yìn wọlé: wọ́n ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ká dópámíìnì lọ́wọ́ kò lẹ́nu mọ́. Ariwo a pọ̀ lẹ́nu ibodè. Ọpọlọ kì í sì í fara da ariwo títí: ìwádìí Nora Volkow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé D2 tó ṣeé rí nínú ọpọlọ àwọn tí kokéènì ti di bárakú fún kéré sí ti àwọn ẹlòmíràn. Oúnjẹ, orin àti ọ̀rẹ́ kò wá dùn mọ́ wọn, oògùn nìkan ló kù. Ẹni tó bá ń sọ pé kí wọ́n kàn pinnu láti jáwọ́ kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wọlé dé.

Ìwádìí tí àjọ tó ń ṣètò ìṣirò ní Nàìjíríà àti àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde nípa ọdún 2018 fi hàn pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 14.3, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun tó yẹ kí ìdílé dì mú

Oògùn ń dé ara olùgbà láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí làákàyè tó balẹ̀ tán. Kò yẹ kí wọ́n sọ pé kò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kò sì yẹ kí wọ́n dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá, nítorí ewu kí àìsàn náà padà wá pọ̀. Èyí kan oògùn Parkinson pẹ̀lú, tó jẹ́ pé bí a bá dá a dúró lójijì, ara lè le, kí ibà burúkú sì wọlé dé.

Asofẹ́yẹjẹ àti wèrèpè ní agbára lóòótọ́, agbára náà sì ni ewu wọn. Kò sẹ́ni tó lè fojú wo àgbo kó mọ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ kọjá bó ti yẹ, ó sì lè mú ìbànújẹ́ ọkàn wá; L-DOPA inú wèrèpè lè ta àìsàn ọpọlọ tó ti ń sinmi jí. Ẹni tó bá ń lo oògùn ilé ìwòsàn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀ láìsọ fún dókítà. Bó bá sì ti mu ún, kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ oògùn fún un, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.